Òórùn wáyà tó ń gbóná nínú Volkswagen Ìjàpá ọdún 1972: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Oníjàpá Abẹ́òkúta béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà rìwáyà àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, mo kí yín, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìmọ̀ yín ràn mí lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Volkswagen Ìjàpá 1300 kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, bọ́dì rẹ̀ kò sì dípẹtà tó bí mo ti rò, ṣùgbọ́n ètò wáyà inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá tan iná iwájú fún ìgbà díẹ̀ lálẹ́, mo máa ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń gbóná, súìsì iná náà a sì gbóná débi pé ọwọ́ kì í lè pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí mo wo àpótí fíúsì tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí i pé ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé méjì nínú àwọn fíúsì rẹ̀. Wáyà pupa kan tún wà tó ti orí bátìrì lọ tààrà sí ìdí rédíò, láìgba inú fíúsì kankan kọjá.

Rìwáyà kan ní àdúgbò mi ní kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo wáyà ọkọ̀ náà dànù, kí òun sì lọ ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó. Ẹlòmíràn ní kò sí ohun tó burú, pé kí n ṣáà yọ bébà yẹn kúrò. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà nínú méjèèjì. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni pé ìsàlẹ̀ ilé ni mo ń gbé ọkọ̀ náà sí, àwọn ọmọ mi sì ń sùn ní yàrá tó wà lókè rẹ̀ gan-an. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí sì ni mo lè fi sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá wà?

Rìwáyà Mọ́kọ́lá dáhùn pé:

Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, ẹ sì ṣeun tí ẹ yẹ àpótí fíúsì wò kí ẹ tó máa gbé ọkọ̀ náà rìn jìnnà. Iṣẹ́ rìwáyà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, Ìjàpá sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ rọrùn láti tún ṣe ni, bí ẹni tó ń tún un ṣe bá mọ ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ bébà fàdákà yẹn lónìí, kí ẹ sì tú wáyà rédíò kúrò lórí bátìrì. Ìwọ̀nyí kò gba owó, wọn kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí rédíò tàbí gílóòbù ni wọ́n ṣe fi fíúsì sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Bí gílóòbù bá bàjẹ́, ẹ ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá gbé iná tó ju agbára rẹ̀ lọ, èèpo rẹ̀ a yọ́, yóò sì yọ́ èèpo gbogbo wáyà tí wọ́n jọ dì pọ̀, títí gbogbo wọn á fi kan ara wọn tí wọ́n á sì bíríìjì. Nítorí náà, bí wáyà bá ṣe nípọn tó ló ń sọ irú fíúsì tó yẹ ẹ́, kì í ṣe bí ohun tí ẹ fẹ́ tàn ṣe ń gba iná tó. Wáyà 1 mm² kò gbọdọ̀ ní ju fíúsì 10 amp lọ (amp ni ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá), wáyà 1.5 mm² kò sì gbọdọ̀ ní ju 15 amp lọ. Lórí Ìjàpá ti ìgbà yẹn, fíúsì alámọ̀ kéékèèké ni wọ́n lò: funfun jẹ́ 8 amp, pupa jẹ́ 16 amp. Ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àyè tirẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pupa rọ́pò funfun nítorí pé funfun ń jó lemọ́lemọ́. Fíúsì tó ń jó lemọ́lemọ́ ń sọ fún yín pé ibì kan wà tí wáyà ti ń kan bọ́dì, ibẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ní ti súìsì tó ń gbóná, ọ̀nà mìíràn ni ìjàǹbá iná fi ń bọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé fíúsì kò lè dá irú rẹ̀ dúró rárá. Níbi tí wáyà ti so pọ̀ mọ́ súìsì, mọ́ fíúsì tàbí mọ́ bọ́dì, bí ojú ibẹ̀ bá ti dípẹtà tàbí tí ó ti dẹ̀, ó ń dí iná lọ́nà, ibi tí iná bá sì ti rí ìdíwọ́ ni ooru ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gílóòbù 45 watt ni wọ́n fi sí iwájú irú ọkọ̀ yín; méjèèjì jẹ́ 90 watt, èyí tó jẹ́ amp 7.5 lórí bátìrì volt 12. Bí ìdíwọ́ ojú súìsì bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm, tí í ṣe ìwọ̀n ìdíwọ́ iná, ooru tó ń jáde níbẹ̀ kò tó watt 6, súìsì náà yóò sì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti yọ wọ́n tó sì fi gílóòbù 100 watt méjì sí i, kí ojú ọ̀nà lè mọ́ sí i, iná tó ń gba súìsì kan náà kọjá ti di nǹkan bí amp 17, ooru ojú kan yẹn sì ti fò sókè sí nǹkan bí watt 28. Irin tí àwa rìwáyà fi ń jó léèdì kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin, fíúsì 16 amp pàápàá á sì pẹ́ kó tó jó, nítorí pé iná náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ní kó gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára gílóòbù iwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá mítà, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ fi èkejì sí ojú ibi tí wáyà ti wọ ìdí gílóòbù. Bí mítà bá fi ohun tó ju ìdajì volt lọ hàn, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ibi tó sì ti ń ṣòfò ni ibi tó ń gbóná. Ẹ máa sún ẹsẹ̀ mítà kejì padà sẹ́yìn, láti gílóòbù sí fíúsì, láti fíúsì sí súìsì, títí ẹ ó fi bá ojú ibẹ̀ gan-an. Lórí ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, ẹ óò rí nọ́ńbà lára súìsì àti fíúsì tí yóò ràn yín lọ́wọ́: 30 ni iná tó ń ti bátìrì bọ̀ tí kì í kú, 15 ni èyí tó ń wá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, 31 sì ni èyí tó lọ sí bọ́dì. Bí súìsì bá ti jóná nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi relay méjì (súìsì kékeré tí iná díẹ̀ ń ṣí kí iná ńlá lè kọjá) sí iná iwájú, ọ̀kan fún iná gíga, ọ̀kan fún iná kékeré, kí wáyà tó nípọn, tó ní fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì, gbé iná lọ bá gílóòbù, kí súìsì má sì máa gbé ju iná díẹ̀ tó ń ṣí relay lọ. Owó tí ẹ ó ná sí i kò pọ̀, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí a lè ṣe lára ọkọ̀ àtijọ́ tó ń dín ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù kù tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí nínú Ìjàpá, irin síprínì ìjókòó náà sì wà lókè rẹ̀. Ideri kan wà tí wọ́n fi bo orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí ẹ bá rí lónìí, bóyá ni ẹ ó bá a nínú méjì. Bí ẹni tó ra bátìrì bá ra èyí tó ga ju ti àtètèkọ́ṣe lọ, tí àgbàlagbà tó sanra sì jókòó lẹ́yìn, irin síprínì a kan orí pọ́sítíìfù, yóò tún kan bọ́dì, gbogbo agbára bátìrì náà, tó jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún amp, a sì gba inú irin tín-ín-rín yẹn kọjá. Irin náà a pọ́n wẹ̀ẹ̀, okùn àgbọn àti òwú tí wọ́n kì sínú ìjókòó a sì gbiná lábẹ́ ẹni tó jókòó. Kò sí fíúsì kankan láàárín. Ẹ wọn gíga bátìrì yín, ẹ rí i dájú pé irin tó dì í mú kò mì, kí ẹ sì fi rọ́bà tó nípọn tàbí pákó bo orí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ideri gidi.

Ní ti títú gbogbo wáyà dànù, èmi kò ní ṣe é kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wáyà ọdún 1972 ní èèpo oníke tó máa ń pẹ́ níbi tí ooru kò bá dé. Ibi tí ó ti ń gan tí ó sì ń sán ni inú ẹ́ńjìnnì, àti ibi tí ìdì wáyà ti gba inú ihò irin kọjá, nítorí pé rọ́bà tó yí ihò náà ká ti rún tipẹ́. Ẹ rọra tẹ wáyà láàárín ìka méjì ní ibi wọ̀nyí. Bí èèpo rẹ̀ bá sán, ẹ pààrọ̀ ìwọ̀n yẹn. Ẹ tún wo ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Wáyà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn ní Ládípọ̀ kò kéré sí tiyín lọ́jọ́ orí, ẹ ó sì fi owó ra ewu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá máa ra tuntun, wáyà ọkọ̀ ni kí ẹ rà, tí inú rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán kéékèèké púpọ̀. Ẹ má gba wáyà ilé tó jẹ́ irin kan gbọnrangandan, nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀ yóò dá a.

Onímórísì London dáhùn pé:

Mo kí Bàbá Rìwáyà fún àlàyé tó kún rẹ́rẹ́ yìí. Morris Minor ni èmi ń tọ́jú níbí, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilé, nítorí pé wọ́n kó wọn wọ Nàìjíríà dáadáa kí Ìjàpá tó gbòde.

Fíúsì méjì péré ló wà nínú Morris Minor mi, iná iwájú kò sì gba inú èyíkéyìí nínú wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́. Fíúsì onígíláàsì ti Lucas, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ohun èlò iná ọkọ̀, ni, wọ́n sì kọ 35 amp sí i. Nọ́ńbà yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lórí fíúsì Lucas àtijọ́, nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni ìwọ̀n tí ó máa fi jó. Ìwọ̀n tí ó lè máa gbé láìdúró jẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀, amp 17. Fíúsì tòde òní kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó lè máa gbé ni wọ́n ń kọ sí i. Ẹni tó bá yọ 35 ti Lucas, tó sì lọ ra 35 tuntun nítorí pé nọ́ńbà wọn bára mu, ti fún wáyà náà ní ẹ̀ṣọ́ tí kò ní jí títí wáyà fi máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ béèrè fún 17 tàbí 20.

Ohun kejì ni ti bọ́dì. Nínú púpọ̀ nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe nẹ́gátíìfù. Bí ẹ bá ra ṣájà fóònù tàbí rédíò tòde òní, ara irin rẹ̀ máa ń jẹ́ nẹ́gátíìfù. Nígbà tí ara irin yẹn bá fi kan dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti bíríìjì. Nítorí náà, ẹ fi mítà wo ọkọ̀ yín kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú bátìrì, ẹsẹ̀ tó lọ sí bọ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, yálà pọ́sítíìfù ni tàbí nẹ́gátíìfù, nítorí pé sípánà tó bá yẹ̀ lọ́wọ́ yín tó sì kan bọ́dì kò ní lè ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Ní ti Ìjàpá, nẹ́gátíìfù ni.

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó wà níbí rántí pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò pọn dandan fún àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, èyí tí wọ́n fi ń wò bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó, mọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn sí i nítorí owó, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan tó máa wo abẹ́ ọkọ̀ náà lọ́dọọdún bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá wò ó. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún àyẹ̀wò náà ní ọdọọdún, mo sì rọ ẹlòmíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Panápaná dáhùn pé:

Iṣẹ́ panápaná ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé àwọn ará ń béèrè irú ìbéèrè yìí kí iná tó ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Bàbá Rìwáyà dúró.

Wáyà tó ta iná kì í sábà jó ọkọ̀ tán fúnra rẹ̀. Ohun tó bá pàdé ló ń sọ ọ́ di ìjàǹbá. Nínú Ìjàpá, iwájú ni tánkì epo wà, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí wáyà pọ̀ sí jù lọ sì ṣí sí inú bùùtù iwájú kan náà tí tánkì náà jókòó sí. Ní ẹ̀yìn, ìdí pọ́ńpù epo ni distributor, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, wà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá tún gbogbo wáyà ṣe tó sì fi rọ́bà epo àtijọ́ sílẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, níwájú, lábẹ́ ọkọ̀ àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi kílíìpù di ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún di ọ̀pá kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ mú kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì. A mọ̀ ọ́n mọ́ yíyọ bọ́ lójú ọ̀nà, epo a sì máa tú sórí ohun tó ń ta iná. Bí wọ́n bá ti fi fílítà epo oníke sókè ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí abẹ́ tánkì níwájú.

Ẹ ra ìpaná oníyẹ̀fun tó tó kílò méjì, kí ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ lè tètè bà, kì í ṣe nínú bùùtù. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí mo rí nínú ọkọ̀ ni agbára inú rẹ̀ ti jò tán. Ẹ wo ojú àmì rẹ̀ bóyá ó ṣì wà lórí àwọ̀ ewé.

Bí èéfín bá yọ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà sí ọkọ̀. Èéfín èèpo wáyà ní májèlé nínú, ẹ má fi imú fà á nítorí pé ẹ fẹ́ gba ẹrù. Bí ó bá jẹ́ èéfín nìkan, tí ẹ sì lè dé ibi bátìrì láìsí ewu, ẹ yọ ẹsẹ̀ tó lọ sí bọ́dì, lọ́pọ̀ ìgbà ni èéfín náà á dúró, nítorí pé iná bátìrì ló ń bọ́ ọ. Bí ọwọ́ iná bá ti ń yọ lẹ́yìn níbi ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣí ideri rẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lójijì yóò mú kí iná náà fẹ̀ sí yín lójú. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ fín ìyẹ̀fun gba àlàfo yẹn wọlé.

Ohun kan wà nínú Ìjàpá tí àwọn tó ń bu omi sí iná ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Irin tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní magnesium púpọ̀ nínú. Kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n bí iná epo bá ti jó o pẹ́, tí òun náà sì gbiná, yóò mọ́lẹ̀ funfun báláú, omi tí ẹ bá sì dà sí i yóò mú kó ta pàrà sí yín lára ni. Bí ẹ bá ti rí iná funfun yẹn, ẹ sá sẹ́yìn, ẹ pe 112, kí ẹ sì sọ fún panápaná pé Ìjàpá ni ọkọ̀ náà.

Ní ti ìsàlẹ̀ ilé tí àwọn ọmọ ń sùn lókè rẹ̀, ìmọ̀ràn mi kò ní ẹ̀ka méjì: títí wọ́n fi máa parí iṣẹ́ wáyà náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn níta gbangba, jìnnà sí ògiri àti fèrèsé, pẹ̀lú bátìrì tó ti yọ.

Oníjàpá Abẹ́òkúta tún kọ̀wé pé:

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìṣe. Ọkọ̀ ti bọ́ síta láti alẹ́ tí mo ka ìmọ̀ràn Ọ̀gá Panápaná. Bàbá Rìwáyà, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ló rí: 100 watt ni wọ́n kọ sára gílóòbù iwájú méjèèjì, mo sì ti dá wọn padà sí 45. Òórùn náà ti lọ, ṣùgbọ́n súìsì ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà mo ti ra òmíràn pẹ̀lú relay. Nígbà tí mo fi fíúsì gidi rọ́pò èyí tí wọ́n fi bébà wé, ọ̀kan dúró, èkejì jó lójú ẹsẹ̀ tí mo tan wiper. A tọ wáyà náà títí a fi dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nínú bùùtù iwájú, a sì rí ibi tí etí irin ti ha èèpo rẹ̀ tán. Ibẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí tánkì epo.

Ìbéèrè mi tó kù nìyí. Mo rí súìsì kan ní ọjà tí wọ́n ń dè mọ́ orí bátìrì, tí a lè fi pa gbogbo iná ọkọ̀ láìlo sípánà. Ṣé ó dára? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé kò sí wáyà mìíràn tó ń mu iná níkọ̀kọ̀?

Rìwáyà Mọ́kọ́lá dáhùn pé:

Wáyà wiper yẹn gan-an ni bébà fàdákà ń bá yín fi pamọ́. Inú mi dùn pé ẹ rí i.

Ẹ ra súìsì orí bátìrì náà. Ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù ni kí ẹ dè é mọ́, kí ẹ sì ra èyí tó wúwo, nítorí pé iná tí starter ń fà yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú Ìjàpá, ẹ ṣọ́ra kí ó má sọ bátìrì di gíga sí abẹ́ síprínì ìjókòó, ẹ wọn àlàfo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán. Ó dára fún alẹ́ àti fún ìgbà tí ọkọ̀ bá máa dúró pẹ́. Kò lè rọ́pò fíúsì, nítorí pé ẹ ò ní máa yí i padà nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀. Fún wáyà ńlá tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì lọ sí iwájú, tí wọn kò fi fíúsì sí láti ilé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi fíúsì kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítòsí bátìrì. Ẹ wọn wáyà náà ná. Bí ó bá jẹ́ 4 mm², fíúsì 30 amp bá a mu.

Láti mọ̀ bóyá ohun kan ń mu iná, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ ti ilẹ̀kùn kí iná inú ọkọ̀ má baà tàn, kí ẹ tú ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù. Ẹ wá gílóòbù kékeré volt 12 tó ní wáyà méjì, ẹ so ọ̀kan mọ́ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ so èkejì mọ́ wáyà tí ẹ tú. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní aago tàbí rédíò tòde òní, gílóòbù yẹn kò gbọdọ̀ tàn rárá. Bí ó bá tàn, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú. Bí ẹ bá yọ gbogbo fíúsì tán tí ó ṣì ń tàn, ohun tó ń mu iná wà lápá tí kò ní fíúsì: kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, súìsì iná, tàbí regulator (ohun tó ń ṣètò iná tó ń wọ bátìrì) tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Ẹ tún kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má máa yí kọ́kọ́rọ́ fi gbọ́ rédíò nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ojú iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, coil, ohun tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, lè máa gba iná láìdúró, a sì gbóná títí òróró inú rẹ̀ á fi máa jáde, bẹ́ẹ̀ ni wáyà rẹ̀ kò sì ní fíúsì. Ẹ jẹ́ kí a fún rédíò ní wáyà tirẹ̀ láti àpótí fíúsì, tí kò ní í béèrè kọ́kọ́rọ́ kó tó dún. Ẹ lè gbé ọkọ̀ náà wá sí Mọ́kọ́lá ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ mú relay àti súìsì tuntun náà dání, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ ní ojúmọmọ, kí ẹ má baà nílò iná iwájú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa.